Ẹ̀jẹ̀ dídì inú iṣan, àbí àrùn ẹsẹ̀ wíwú?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹni tó ń kọ ìwé ìlànà fún àwọn aláìsàn tí wọ́n dá dúró sí ọsíbítù béèrè orúkọ tó yẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń dì sínú iṣan ẹsẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ṣàn. Àwọn kan ní ká pè é ní "àrùn ẹsẹ̀ wíwú", àwọn mìíràn ní "ẹ̀jẹ̀ dídì" ti tó. Nọ́ọ̀sì ni mí. N kò fara mọ́ ti àkọ́kọ́ rárá, èkejì náà sì kù díẹ̀ káàtó.

Àmì lásán ni ẹsẹ̀ wíwú. Àrùn kíndìnrín ń mú ẹsẹ̀ wú, oyún ń mú un wú, ọkàn tí kò lágbára mọ́ náà ń ṣe é. Èyí tó wá burú ni pé ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú ẹsẹ̀ kí ẹsẹ̀ má wú rárá, kí ẹ̀jẹ̀ tó dì náà já kúrò níbẹ̀, kó lọ dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Bí a bá ti sọ fún aláìsàn pé àrùn ẹsẹ̀ wíwú ni, tí kò wá lè mí dáadáa mọ́ lójijì, tàbí tí àyà ń gún un bó bá mí sínú, ṣé yóò rò ó pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn náà ni? Kò ní pe nọ́ọ̀sì lásìkò.

Ní ti "ẹ̀jẹ̀ dídì", ohun rere ni lójú gbogbo wa. Bí ọ̀bẹ bá gé èèyàn lọ́wọ́, àdúrà wa ni pé kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ibi tó dì sí ló ń sọ ọ́ di ewu. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró ti "ẹ̀jẹ̀ dídì inú iṣan". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àmì ohùn rẹ̀ ṣeré: ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ dì, kó tó wá dí ọ̀nà.

Orúkọ yìí tún jẹ́ kí iṣẹ́ wa yé aláìsàn. Ohun mẹ́ta tí àwọn oníṣègùn máa ń so mọ́ orúkọ Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì, ló ń fà á: kí ẹ̀jẹ̀ má ṣàn geere, kí ara iṣan fara pa, kí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ máa yá dì ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí fún lè ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè nígbà tí a bá ń rìn. Bí a bá dùbúlẹ̀ gbalaja, iṣẹ́ yẹn dúró. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé aláìsàn dìde ní kété tí dókítà bá ti gbà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá tíì lè dìde, a ní kó fa ìka ẹsẹ̀ sókè sí ara rẹ̀, kó tún nà án síwájú, léraléra. Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ ká jọ lókè, torí ibi tó ká jọ á fún ẹsẹ̀ pinpin. A sì ń bọ́ ọ lójoojúmọ́ láti wo awọ gìgísẹ̀. Ẹsẹ̀ tí a bá fura sí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ wọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Ẹnìkan pe heparin, abẹ́rẹ́ tí a máa ń gún sí ikùn aláìsàn nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì yìí, àti àwọn oògùn ẹbí rẹ̀ ní "oògùn tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di omi". Ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn jù sẹ́yìn. Kò sọ ẹ̀jẹ̀ di omi, kì í sì í yọ́ èyí tó ti dì. Ńṣe ló ń dènà kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i. Aláìsàn tó bá gbọ́ "ẹ̀jẹ̀ di omi" á rò pé a fẹ́ kó àìtó ẹ̀jẹ̀ bá òun, á sì kọ abẹ́rẹ́ ikùn tó yẹ kó gbà. "Oògùn adẹ́kun ẹ̀jẹ̀ dídì" ni mo fara mọ́, n kò sì ní fi "inú iṣan" kún un níbí yìí. Oògùn náà kò mọ ẹ̀jẹ̀ tó ń dì sínú iṣan yàtọ̀ sí èyí tó ń dì lójú ọgbẹ́. Aláìsàn tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á lè gbà bí a bá sọ fún un pé ọgbẹ́ rẹ̀ lè pẹ́ kó tó dáwọ́ ẹ̀jẹ̀ dúró, àti pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ ní èrìgì rẹ̀, tó wà nínú ìtọ̀, tàbí tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, kó pè wá lójú ẹsẹ̀.