Àwòrán arterial bàjẹ́ lẹ́yìn gadoxetate: kí la tún lè ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tó ń ya MRI ẹ̀dọ̀. Abuja la wà, ẹ̀rọ tí agbára òòfà rẹ̀ jẹ́ 1.5T la ń lò. Aláìsàn wa ní cirrhosis (àpá tó mú ẹ̀dọ̀ le) láti ara hepatitis B, ó wọn kílò 70, kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá. Ultrasound rí kókó sẹ̀ǹtímítà 2 ní segment 8 ẹ̀dọ̀.

Mílílítà 7 gadoxetate, oògùn oní-gadolinium tó ń mú kí ẹ̀dọ̀ hàn dáadáa nínú MRI, la fún un. Àwòrán tó ṣáájú oògùn mọ́ kedere. Late arterial, àwòrán ìgbà tí oògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣan àlọ dé ẹ̀dọ̀, ló dàrú: ìlà-ìlà bí omi tí wọ́n sọ òkò sí, níbi tó yẹ ká ti rí bóyá kókó náà ń tàn gan-an. Ní portal venous, nígbà tí oògùn ti gba iṣan portal wọ ẹ̀dọ̀, àwòrán ti mọ́ padà, kókó sì dúdú ju ẹ̀dọ̀ yòókù lọ. Nítorí náà, kì í ṣe kọ́ìlì (ohun tó ń gba àmì àwòrán lára aláìsàn) ló fa ìdàrú náà. Oògùn yìí máa ń da èémí àwọn kan rú fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n láìsí arterial, a ò lè pè é ní LI-RADS 5, ìyẹn ìpele tó túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni dájúdájú.

Mílílítà 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan la fi gún un, mílílítà 20 saline (omi oníyọ̀) tẹ̀lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi dídá èémí dúró dánra wò, a sì ti gé àkókò ìdá-èémí-dúró náà láti ìṣẹ́jú-àáyá 18 sí 13. Subtraction (yíyọ àwòrán tó ṣáájú oògùn kúrò nínú ti ẹ̀yìn rẹ̀) ò gbà wá, àwọn àwòrán ò bá ara wọn mu.

Gadoxetate kì í ṣe oògùn olówó pọ́ọ́kú. Ṣé kí a tún un fún un, ká pín arterial sí mẹ́ta nínú èémí kan, àbí ká lo gadolinium lásán (irú tí ẹ̀dọ̀ kì í fà mọ́ra), 0.1 mmol fún kílò kan? Bí ẹ bá ń pín in lórí 1.5T, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó lẹ ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan?