Kọ́kọ́rọ́ ń padà síbi tó ti wá, a ò lè jáde ní Big-City nínú géèmù Donkey Kong: ẹ gbà wá

Ìyá Aránṣọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Takie níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oṣù tó kọjá, mo tú bélì òkìrìkà kan, ẹ̀wù òtútù kan wà níbẹ̀ tó wúwo bí ẹni pé wọ́n ki òkúta sí i. Mo tọwọ́ bọ àpò, àfi Game Boy, ẹ̀rọ géèmù kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú ta! Èyí àtijọ́ tó rí pàkìtì, aláwọ̀ eérú, tó ń lo bátìrì kékeré mẹ́rin. Káàsẹ́ẹ̀tì géèmù Donkey Kong, ìnàkí tó ń jí ọmọbìnrin gbé, wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ra bátìrì sí i, ó tàn. Kí ẹni tó ta bélì fún mi má gbọ́ o.

Látìgbà yẹn, iṣẹ́ ò lọ déédéé mọ́. Bí Nẹ́pà bá ti múná lọ, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi á sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà, torí ojú géèmù náà ò níná, oòrùn ni wọ́n fi ń rí i. Ìpele mẹ́rin àkọ́kọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ le. A fi Mario, ọkùnrin kékeré tí à ń darí, gun àkàsọ̀, a fo àgbá, a dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Pauline, ìnàkí ṣubú lulẹ̀ gbì. Gbogbo wa pariwo. Àfi bí ìnàkí yẹn ṣe tún dìde, ó gbé ọmọbìnrin, ó sá lọ!

Big-City, ìpín tó tẹ̀lé ìpele mẹ́rin yẹn, la wà báyìí. Kọ́kọ́rọ́ ńlá kan wà tí Mario gbọ́dọ̀ gbé dé ibi ilẹ̀kùn. Ìdíwọ́ kan ga ju ibi tó lè fò dé. Bí a bá gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀ ká lè wá ọ̀nà, kò ní pẹ́, ó ti padà síbi tó ti wá. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Èyí tó tún ń bí mi nínú ni pé tí a bá pa á lálẹ́, tó bá di àárọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá ló máa ń wà. Mo ti mọ ìpele mẹ́rin yẹn bí ẹni mọ orin ìjọ.

Ọmọ_UnderG:
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ̀rín pa mí níbi tí ìnàkí ti dìde. Ìpele mẹ́rin yẹn ni gbogbo Donkey Kong tí wọ́n ń sọ owó ẹyọ sínú ẹ̀rọ ńlá kí wọ́n tó lè ta á lọ́dún 1981. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín, 1994 ló jáde, ìpele 101 ló ní. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Lẹ́yìn Big-City, igbó ló kàn, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ojú omi, igbó kìjikìji, aginjù, ọkọ̀ òfúrufú, orí yìnyín níbi tí ẹsẹ̀ Mario ti ń yọ̀, àárín àpáta, títí dé ilé gogoro.

Kọ́kọ́rọ́ ò bàjẹ́ mà. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá ti gbé e kalẹ̀, ó ti ń ka àkókò, tó bá pé, ó máa parẹ́ padà síbi tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ rí i.

Ohun tí ò yé yín ni pé Mario yìí mọ takìtì. Ẹ tẹ ọfà ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì A. Á dorí kodò, á fọwọ́ méjèèjì tilẹ̀ bí eégún onídán. Tẹ́ ẹ bá tún tẹ A, á fò ga ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Tẹ́ ẹ bá tún wá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń balẹ̀ gan-an, ẹ máa rí nǹkan. Bó ṣe dorí kodò yẹn náà, tí àgbá bá já bọ́ lù ú látòkè, ẹsẹ̀ ló fi ń gbá a dànù. Òmíràn: ẹ sáré sí ọ̀tún, kẹ́ ẹ ṣẹ́rí sí òsì lójijì kẹ́ ẹ sì tẹ A, á ta kìtì sẹ́yìn lọ sókè.

Ṣùgbọ́n tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ ò sí tó máa fi dorí kodò. Ẹ fi B ju kọ́kọ́rọ́ sókè ná, kẹ́ ẹ tó takìtì tẹ̀lé e. Kíá ni o, torí àkókò ti ń lọ.

Dèjì_Kóńkó:
Kí ló dé tẹ́ ò kàn gbé e sórí fóònù?

Ìyá Aránṣọ:
Fóònù tí mo fi ń gba ìpè oníbàárà, kí n gbé e fún àwọn ọmọ wọ̀nyí? Dèjì, o ò fẹ́ kí n jẹun ni.

Bàbá_Aláago:
Ìyá Aránṣọ, mo kí yín láti Ọ̀yọ́ Aláàfin, ẹ̀gbẹ́ Akẹ̀sán. Aago ni mo ń ṣe, ṣùgbọ́n nǹkan báwọ̀nyí náà ń wá sọ́dọ̀ mi.

Géèmù yẹn máa ń kọ ibi tẹ́ ẹ dé sílẹ̀ bẹ́ ẹ bá ti borí ìnàkí lẹ́yìn ìpele mẹ́rin-mẹ́rin. Bátìrì pẹlẹbẹ kan, bíi ti aago, tí wọ́n jó mọ́ inú káàsẹ́ẹ̀tì ni kì í jẹ́ kó gbàgbé. Kì í ṣe mẹ́rin tẹ́ ẹ ń rà yẹn. Láti 1994? Ó ti kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

Ṣúkúrù tó dè é kì í ṣe èyí tí irin ìtú lásán ń tú. Orí rẹ̀ yọ síta, ó ní etí mẹ́fà. Ìtú rẹ̀ gan-an, 3.8 mílímítà ni. Àwọn ọmọ kan máa ń finá yọ́ ìdí bírò, wọ́n á tì í mọ́ orí ṣúkúrù títí tó fi máa tutù. Mo ti ṣe é rí, ó tú u, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ni bírò yẹn mọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé irin gbígbóná lé bátìrì tuntun náà lára, ó lè bẹ́. Èyí tí wọ́n ti jó etí irin mọ́ láti ilé iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má sì fẹnu fẹ́ ìdí káàsẹ́ẹ̀tì! Itọ́ ló ń mú un dípẹtà. Òwú àti sípíríìtì ni.

Ìyá Aránṣọ:
Ẹ ṣé o, Bàbá. Mo mọ̀ pé ẹ máa bá mi wí, a ti fẹnu fẹ́ ẹ débi pé mo ń gbọ́ òórùn àlùbọ́sà nínú rẹ̀.

Ọmọ_UnderG, Ọlọ́run á jẹ́ kó o jáde láyọ̀. Àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ mọ takìtì yẹn ṣe. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sókè, ó já bọ́. Ó tún jù ú, ó já bọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó jókòó sétí òkè, bí ẹrù tí wọ́n jù sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kí ọmọ ọkọ̀ tó gùn ún. Gbogbo wa dákẹ́. Mario dorí kodò, ó fò, ó gbá kọ́kọ́rọ́ mú, ilẹ̀kùn ṣí! Ìgbà yẹn ni mo gbóòórùn. Mo ti gbàgbé áyọ́ọ̀nù eléèédú sórí apá búbá oníbàárà. Ó fi àpá pupa síbẹ̀, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Mo ti wá léèsì bo ojú rẹ̀, mo sì sọ fún un pé ìyẹn ló wà lóde báyìí.

Ìbéèrè kan ṣì kù: fìlà, agbòòrùn àti báàgì Pauline tó ń wà káàkiri yẹn ńkọ́? Ṣé ọ̀ṣọ́ lásán ni?

Ọmọ_UnderG:
Rárá mà. Tẹ́ ẹ bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìpele kan, tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ máa ta géèmù kékeré kan tẹ́ ẹ ti lè jẹ ẹ̀mí sí i, ìyẹn iye ìgbà tí Mario lè kú kí géèmù tó parí. Ẹ máa nílò rẹ̀ lórí yìnyín.

Ìyá Aránṣọ:
Haa. A ti ń gba ẹ̀gbẹ́ báàgì kọjá látọjọ́ yìí. Bàbá Aláago, ọjọ́ Sátidé ni mò ń bọ̀ ní Ọ̀yọ́ wá ra aṣọ òfì. Mo máa gbé káàsẹ́ẹ̀tì náà dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é lójú mi, torí àwọn ọmọ yìí ti ní àwọn ò ní lọ sílé àwọn títí n ó fi dé.