Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìpàdé ẹbí ọkọ mi ní Hawaii

Ẹ kú ilé o. Ọmọ Hawaii lọkọ mi, ẹbí wọn yóò sì pàdé ní erékùṣù Molokaʻi lóṣù Keje. Ìyá ọkọ mi ní kí n bá wọn to orúkọ àwọn baba ńlá wọn. Ọdún 1860 ni mo há sí, nígbà tí òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ ìdílé. Ṣé ìwé ilẹ̀ ìgbà Māhele, ìyẹn ìgbà tí ọba Hawaii pín ilẹ̀ lọ́dún 1848, lè ràn mí lọ́wọ́?

Bàbá àgbà kan ṣì mọ moʻokūʻauhau wọn, ìyẹn ìran tí wọ́n ń kà lórí, bí oríkì orílẹ̀ tiwa. Ọkàn mi fẹ́ gbọ́ ọ gan-an. Báwo ni ìyàwó ilé ṣe lè bẹ̀ wọ́n láì rí wọn fín? Ṣé mo lè gba ohùn wọn sílẹ̀?