Àmì kan tàn ní abíyá òdìkejì: ṣé kókó ni, àbí oògùn ló ta síbẹ̀?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín o. Iṣẹ́ yíya àwòrán ìtànṣán ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní Ìlú Ọba. Jẹjẹrẹ tún yọ sí ọmú òsì obìnrin kan tí wọ́n ti gé díẹ̀ nínú ọmú náà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n kó kókó abíyá rẹ̀, tí wọ́n sì fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, a fún un ní abẹ́rẹ́ technetium-99m, oògùn tó ń tú ìtànṣán tí kámẹ́rà wa lè rí jáde, lẹ́bàá orí ọmú, kí a lè rí sentinel node, ìyẹn kókó tí omi ara tó ń ti ibi jẹjẹrẹ bọ̀ máa ń kọ́kọ́ dé. Nínú àwòrán, abíyá òsì ṣókùnkùn, àmì kékeré kan sì tàn ní abíyá ọ̀tún. Ọ̀gá mi ní oògùn ló ta sí i lára, kí n má kọ ọ́ sínú ìjábọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á. Obìnrin náà ṣì jókòó síbí.

Ìdáhùn onímọ̀ ìtànṣán
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó lọ. Ẹ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ nu awọ ibẹ̀, kí ẹ tún un yà. Bó bá jẹ́ pé oògùn ló ta síbẹ̀, àmì náà yóò lọ tàbí kó dín kù. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe SPECT/CT, ìyẹn àwòrán onípele tó ń fi bí àmì ṣe jìn tó nínú ara hàn, nítorí àwòrán pẹrẹsẹ kò lè sọ bóyá orí awọ ni àmì wà tàbí inú ọ̀rá. Wákàtí 6 ni agbára technetium-99m fi ń dín sí ìdajì, nítorí náà àyè ṣì wà. Níbi tí ọ̀bẹ àti ìtànṣán bá ti dí ọ̀nà omi ara, omi náà yóò wá ibòmíràn gbà: ẹ̀bá egungun igbá-àyà, òkè èjìká lẹ́bàá ọrùn, tàbí abíyá kejì gan-an.

Ìdáhùn oníṣẹ́ abẹ
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà pé abíyá òsì mọ́ nítorí pé ó ṣókùnkùn: kókó tí jẹjẹrẹ ti kún lè má gba oògùn rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ultrasound yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ tó fi bírò sàmì sí awọ, ẹ na apá rẹ̀ síta bí yóò ṣe wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Mo ti gé ojú àmì rí, tí kókó sì wà ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta síbẹ̀, torí pé orí ni aláìsàn gbé ọwọ́ sí nígbà tí wọ́n ń yà á.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an ni. A ti nù ún, a tún un yà, àmì náà kò kúrò. SPECT/CT fi kókó kan tó tó hóró ẹ̀wà hàn nínú ọ̀rá abíyá ọ̀tún. Ọ̀gá mi náà ti wò ó, ó sì ti fọwọ́ sí ìjábọ̀. Wọ́n ti ń gbé obìnrin náà lọ ṣe ultrasound abíyá òsì báyìí.