Steve Kerr: báwo ni gáàdì orí bẹ́ǹṣì ṣe di àgbà akọ́nimọ̀ọ́gbá?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Láti ìgbà tí Steve Kerr ti kó ikọ̀ Amẹ́ríkà lọ gba góòlù bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ìlú Paris ní 2024 ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ kan. Ọdún 15 ni ó fi gbá bọ́ọ̀lù nínú NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ó wọ ìfigagbága 910, síbẹ̀ 30 péré ni wọ́n fi í bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi náà jẹ́ gáàdì, orí bẹ́ǹṣì ni ó sì máa ń wà. Ó ní ẹni tí kò bá jẹ́ ìràwọ̀ kò lẹ́nu láti kọ́ ìràwọ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn kìíní
Rárá o. Orí bẹ́ǹṣì yẹn gan-an ni Kerr ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀dọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá Phil Jackson ni ó wà ní Chicago, kí ó tó bọ́ sọ́dọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá Gregg Popovich ní San Antonio, ife ẹ̀yẹ márùn-ún ni ó sì gbà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ wo ìfigagbága kẹfà nínú àṣekágbá 1997: Chicago àti Utah wà ní 86 sí 86, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló kù, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé Michael Jordan ni wọn yóò gbé bọ́ọ̀lù fún. Lórí ìjókòó, Jordan sọ fún Kerr pé John Stockton, ẹni tó ń ṣọ́ ọ, yóò fi í sílẹ̀ wá dí òun lọ́nà, Kerr sì ní òun ti ṣetán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. Stockton sún kúrò, Jordan ju bọ́ọ̀lù sí Kerr, Kerr sì sọ ọ́ sáwọ̀n.

Ìdáhùn kejì
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń fetí sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wú mi lórí jù. Nínú àṣekágbá 2015, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ Golden State, Cleveland ti fi 2 sí 1 ṣíwájú nígbà tí Nick U'Ren, olùrànlọ́wọ́ kan tó máa ń bá a to fídíò, dábàá pé kí Andre Iguodala, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ eré dípò Andrew Bogut. Kerr gbà. Wọ́n borí lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ó sì dárúkọ U'Ren fún àwọn akọ̀ròyìn pé òun ló ni èrò náà. Ní February 2018, ó gbé pátákó tó fi ń ya ètò eré lé àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́wọ́ pé kí wọ́n darí ara wọn, wọ́n sì na Phoenix ní 129 sí 83.

Ìdáhùn kẹta
Ẹ má jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ bíi pé Kerr kò mọ bọ́ọ̀lù gbá o. Nínú jíjù alámì mẹ́ta, ìyẹn èyí tí a jù láti ọ̀nà jíjìn, ìdá 45.4 nínú ọgọ́rùn-ún tó ń wọlé fún un ló ga jù lọ nínú ìtàn NBA. Ní 2003, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń sún mọ́ 38, ó dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó ju mẹ́rin sáwọ̀n Dallas láì tàsé ọ̀kan. Kí àbúrò yín má tíì dẹwọ́ jíjù.

Oníbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti kà á fún un tán; ó ní kí n bá òun wá fídíò 1997 náà.