Ilé àgbéwá nílẹ̀ Okun: ibi tó ti ń bàjẹ́ kí tírélà tó dé

Bíríkìlà Ìyàrà

Okun o, gbogbo ilé ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí. Kọ̀ǹténà tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀bù la mọ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì. Ní báyìí, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ilé ìtọ́jú aláìsàn, ọ́fíìsì kọngílá, títí kan ilé gbígbé, ni wọ́n ń kàn parí níbòmíràn tí wọ́n sì ń fi tírélà gbé wá. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, irin ló máa ń béèrè: ṣé ó nípọn, ṣé kò dípẹtà. Ìbéèrè dáadáa ni, àmọ́ ilẹ̀ ló ń ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí jẹ́.

Kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 20 gùn tó mítà 6.06, ó fẹ̀ ní mítà 2.44. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń dúró, kò fi ìdí lélẹ̀ bí ilé búlọ́ọ̀kù. Torí náà, ẹ má fi etí kọ̀ǹténà wọn ibi tí ìpìlẹ̀ máa wà. Láti àárín ihò irin igun kan dé àárín ihò irin igun kejì ni kẹ́ ẹ wọ̀n: mítà 5.853 ní gígùn, 2.259 ní ìbú. Tẹ́ ẹ bá ta okùn ní ìdábùú láti igun dé igun, 6.274 ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ní ọ̀nà méjèèjì. Ti ẹsẹ̀ bàtà 40 jẹ́ 11.985 ní gígùn, ìbú kan náà, okùn ìdábùú 12.196. Bí okùn méjèèjì ò bá dọ́gba, ẹ má tíì po kọnkéré.

Lórí yangí tó le, ihò tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 níbùú lóròó, tó sì jìn ní 60, ti tó. Mẹ́rin fún ẹsẹ̀ bàtà 20, mẹ́fà fún 40. Àpò símẹ́ǹtì kan, héèdì-páànù yanrìn mẹ́rin, héèdì-páànù òkúta mẹ́jọ. Àpò mẹ́fà á kárí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Símẹ́ǹtì Ọbájànà ò jìnnà sí wa, kò sídìí láti ṣahun sí i. Bí ẹ bá kan àpáta kí ẹ tó dé 60, kò burú: ẹ gbá erùpẹ̀ orí rẹ̀ kúrò, ẹ ṣá a kó lè di kọnkéré mú. Ilẹ̀ dúdú tàbí àkùrọ̀ lẹ máa sá fún. Ó ń wú nígbà òjò, ó ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igun kan á sì rì ju èkejì lọ. Ẹ máa bu omi rin kọnkéré náà fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán, kí ẹnikẹ́ni tó gbé irin lé e.

Akọ̀wé Ìdàgbàsókè

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì la fẹ́ gbé kalẹ̀. Ṣé tí igun kan bá fi díẹ̀ ga ju ìkejì, kò kàn ní jókòó fúnra rẹ̀ ni? Irin ṣáà ni.

Wẹ́dà Ayétòrò

Àbúrò, torí pé irin ni gan-an ni kò ṣe ní jókòó. Tí igun kan bá rì, gbogbo àpótí yẹn á lọ́, ibi tó sì ti máa ń kọ́kọ́ hàn ni ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pá ilẹ̀kùn ò ní wọ ojú ihò rẹ̀ mọ́. Àwọn kan á wá mú gírándà, wọ́n á máa ha ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ò jẹ̀bi. Ẹ fi jáàkì gbé igun tó rì, ẹ ki àwo irin sábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn á padà sí bó ṣe wà.

Lẹ́fẹ́lì kékeré tí bíríkìlà ń fọwọ́ mú ò tó fún mítà mẹ́fà. Rọ́bà tó mọ́ gaara lẹ máa bu omi sí, kẹ́ ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ ò há sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi gbé ojú omi láti ìpìlẹ̀ kan dé èkejì. Bí ìyàtọ̀ bá ju mìlímítà 5 lọ, ẹ fi àwo irin mìlímítà 3 tàbí 5 dí i. Pákó ò ṣeé fi dí i o. Ikán ilẹ̀ yìí ò ní bi yín léèrè kó tó jẹ ẹ́.

Ẹ gbọ́ ti fèrèsé. Ògiri kọ̀ǹténà tó rí kọ́lọkọ̀lọ yẹn, tí kò nípọn ju mìlímítà 2 lọ, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ló ń ran òrùlé lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá gé e láìfi nǹkan rọ́pò rẹ̀, irin òkè á tẹ̀ wálẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jó férémù, súkúwéà páìpù 50 sí 50 tó nípọn ní mìlímítà 3, kẹ́ ẹ gé ihò kan, kẹ́ ẹ jó férémù rẹ̀ mọ́ ọn tán, kẹ́ ẹ tó gé èkejì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n gé fèrèsé mẹ́rin láàárọ̀, kí wọ́n ní férémù di ọ̀la. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ẹ̀gbẹ́ kan kúrò pátápátá láti so yàrá méjì pọ̀, ẹ fi òpó sí gbogbo mítà 2 sí 2.5. Ẹ fi ẹ́lẹ́tíróòdù géèjì 12 jó o ní ṣókí-ṣókí, kẹ́ ẹ máa fo láti ibì kan síbòmíràn. Tẹ́ ẹ bá jó o lọ gbọọrọ, ooru á ká irin náà kò bí ewé tó rọ. Ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà kun gbogbo ojú ibi tẹ́ ẹ gé.

Ẹ sì má ṣi kọ̀ǹténà tí wẹ́dà àdúgbò jó mú fún ti orí omi. Èyí tí a fi ángù irin íǹṣì méjì àti páálí irin géèjì 18 jó wúlò fún ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ kò ní irin igun oníhò tó ń ru ẹrù. Ẹ má gbé ìkan lé ìkan. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi kírénì gbé e, abẹ́ rẹ̀ ni kí okùn gbà, kì í ṣe orí.

Ayàwòrán-ilé Kàbà

Ohun tí Bíríkìlà sọ nípa ilẹ̀ kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ọdún 2020, ilé ìwòsàn Huoshenshan ní Wuhan, oníbẹ́ẹ̀dì 1,000, di kíkọ́ láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Àpótí tí wọ́n ń tò ni gbogbo ayé ń wò nínú fọ́nrán. Ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi katakátá tẹ́ kí àpótí kankan tó dé. Iṣẹ́ náà ò sì bẹ̀rẹ̀ lánàá: lọ́dún 1855, Brunel, ẹnjiníà Gẹ̀ẹ́sì, ya ilé ìwòsàn onípákó tí wọ́n gé ní Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó lọ sí Renkioi ní Tọ́kì. Ní Singapore, ilé gbígbé Clement Canopy tí wọ́n parí ní 2019 ga ní àjà 40. Àpótí 1,899 ni wọ́n tò.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sókè. Ilé Nakagin ní Tokyo, tí wọ́n kọ́ ní 1972, ní àpótí 140. Wọ́n ní wọ́n á máa pààrọ̀ wọn ní gbogbo ọdún 25. Wọn ò pààrọ̀ ẹyọ kan títí wọ́n fi tú ilé náà palẹ̀ ní 2022. Katerra, ilé iṣẹ́ tó ń kan ilé ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015, wọ gbèsè ní 2021. Ilé iṣẹ́ tó ń kan ilé ní láti máa san owó òṣìṣẹ́ àti ti ẹ̀rọ yálà ẹnìkan ra ilé lóṣù yẹn tàbí kò rà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó fẹ́ dá a sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa pé kí wọ́n má tíì ra ẹ̀rọ ńlá. Ẹ máa kan férémù lẹ́yọ lẹ́yọ ná.

Ti ooru: irin lábẹ́ oòrùn oṣù kẹta ò ṣeé gbé láìsí òrùlé kejì. Ẹ gbé páànù sókè ní sẹ̀ǹtímítà 40 lórí súkúwéà páìpù, kó yọ kọjá ògiri ní 60, kí afẹ́fẹ́ máa gba àárín. Nínú, fóòmù PU (polyurethane) mìlímítà 50 tí wọ́n fín mọ́ irin ló dáa jù, torí kì í fi àyè sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, irin á tutù lóru, èémí àwọn tó sùn á di omi lára rẹ̀; bí àyè bá wà lẹ́yìn fóòmù, omi yẹn á ṣàn síbẹ̀, á sì ba páálí inú jẹ́. Fóòmù funfun oníhóró wẹ́wẹ́ (polystyrene) yẹn ò wọ́n, àmọ́ ó ń gbaná kíákíá. Kó má dé ilé ìdáná.

Oníkírénì

Ẹ fi ti ọ̀nà kún un. Òfìfo ẹsẹ̀ bàtà 20 wúwo tó tọ́ọ̀nù 2.2 sí 2.4. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ́ táìsì, tẹ́ ẹ ri páìpù, tẹ́ ẹ de ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ọn, ó lè di 4 tàbí 5. Hiab, ìyẹn kírénì tó wà lára lọ́rì, tó lè gbé e nígbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, bó bá na ọwọ́ jáde dé mítà 7, ó lè má gbé tọ́ọ̀nù 2. Tábìlì ìwọ̀n tó lè gbé wà lára ẹ̀rọ náà. Ẹ ní kí dẹ́rẹ́bà kà á sí yín létí. Bí ilẹ̀ yín bá wà lẹ́yìn ilé ẹlòmíràn, kírénì ńlá lẹ máa gbà, owó rẹ̀ sì yàtọ̀.

Lórí tírélà tó ga ní mítà 1.5, kọ̀ǹténà lásán á ga tó 4.1, irú èyí tó ga jù (high cube) á tó 4.4. Kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ẹnìkan fi ọ̀pá tó gùn ní mítà 5 rìn lábẹ́ gbogbo wáyà NẸ́PÀ láti títì dé orí ilẹ̀ yín. Láti Ìlọrin, ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú, Mọ̀pà ni. Àwọn míì ń gba Ọmùò. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá gbà, máìlì tó kẹ́yìn nínú abúlé ló ń fa wàhálà. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni kẹ́ ẹ gbé e. Nínú oṣù kẹsàn-án, ilẹ̀ pupa á gbé táyà mì.

Bí ibẹ̀ bá há jù, ẹ ra èyí tó ṣeé tú. Mẹ́rin rẹ̀ tí wọ́n tò léra máa ń gba àyè kọ̀ǹténà kan ṣoṣo, lọ́rì lásán á sì pín wọn wọlé.

Oníná Mọ̀pà

Àpótí irin ni, torí náà bí wáyà kan bá bó, ògiri ló máa gbá èèyàn. Ẹ so ara kọ̀ǹténà mọ́ áàtì, ìyẹn ọ̀pá bàbà tó ń gbé iná wọlẹ̀, kẹ́ ẹ sì lo sákíìtì-bíréékà tó ń já bí iná bá jò tó mílíámù 30. Àpáta ò jìnnà sókè lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pá bàbà tẹ́ ẹ gbá wọlẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbẹ́ ihò, ẹ po èédú àti iyọ̀ yí ọ̀pá náà ká, kẹ́ ẹ máa da omi sí i lóòrèkóòrè. Gbogbo ibi tí wáyà bá ti gba ihò irin kọjá, kó ní rọ́bà lẹ́nu.

Akọ̀wé Ìdàgbàsókè

Ìbéèrè kan péré ló kù. Pákó tó wà nílẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọdé lè máa jókòó lé e?

Wẹ́dà Ayétòrò

Rárá, àfi tẹ́ ẹ bá wò ó ná. Páálí mìlímítà 28 ni, wọ́n sì máa ń fi oògùn kòkòrò pa á torí ìrìnàjò orí omi. Àwo kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ TCT sí. Iwájú rẹ̀ ni orúkọ oògùn náà àti ọdún wà. Tí àwo bá ti yọ, ẹ kà á sí pé oògùn wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ tú páálí náà kúrò kẹ́ ẹ sì fi tuntun sí i. Ẹ ya fọ́tò àwo yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó.