Èsì: “wáyà iná oníke” yóò ṣi oníṣẹ́ lọ́nà

Ẹ̀gbọ́n wa láti Kétu, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Orúkọ mẹ́ta lẹ kó wá: “wáyà iná oníke” fún ohun tí Faransé ń pè ní fibre optique plastique, ìyẹn ike tín-ínrín tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ìsọfúnni kọ̀ǹpútà kiri inú ilé, “èèpo” fún gbogbo gaine, ìyẹn ohun tó bò ó, àti “àdánù” fún bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń kéré sí i lójú ọ̀nà. “Oníke” yẹn dára, mo fara mọ́ ọn. Ike ni lóòótọ́, kì í ṣe rọ́bà tí í nà. Àwọn ìyókù ni mi ò lè gbà.

Bí a bá sọ “wáyà iná” fún oníṣẹ́ iná ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), iná mànàmáná ló máa gbọ́. Bẹ́ẹ̀, iná mànàmáná ò gba inú nǹkan yìí kọjá rárá. Ìdí tó fi dára nínú ilé gan-an nìyẹn: ó lè bá wáyà iná gba inú páìpù kan náà, kò lè gbé èèyàn, àrá ò sì lè gba inú rẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà. Orúkọ tó bá fi èyí pamọ́ yóò mú kí wọ́n máa gbẹ́ ògiri tuntun lásán. Ìmọ́lẹ̀ pupa, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 650, ni wọ́n ń rán gba inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní fọ́nrán ìmọ́lẹ̀ oníke. Fọ́nrán, torí ẹyọ kan ni. Bí méjì bá so pọ̀, ọ̀kan fún lílọ, ọ̀kan fún bíbọ̀, ó di okùn.

Ní ti gaine, nǹkan mẹ́ta ni Faransé ń fi í pè: awọ tó lẹ̀ mọ́ ọkàn fọ́nrán (àárín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà), ohun tó bò ó lóde, àti páìpù inú ògiri pàápàá. Kí la fẹ́ jogún ìdàrúdàpọ̀ yẹn fún? Ẹ wo ẹ̀pà: a fọ́ èèpo rẹ̀ dànù, awọ pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣì wà lára ọmọ inú. Bí fọ́nrán yìí ṣe rí náà nìyẹn. Ọkàn àti awọ jọ jẹ́ mìlímítà 1, awọ fúnra rẹ̀ ò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà lọ; èèpo ló sọ ọ́ di mìlímítà 2.2. Èèpo là ń bó. Bí ọ̀bẹ bá ha awọ, ìmọ́lẹ̀ á máa jò níbẹ̀, torí awọ ló ń dá a padà sínú ọkàn. Abẹ tuntun ni ká fi gé orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó gún régé, ká wá fi sáńpépà tó kúnná dán an. Àlùmọ́gàjí máa ń tẹ orí ike pẹlẹbẹ ni, ìmọ́lẹ̀ á sì fọ́n ká.

“Àdánù” dà bí ohun tó ṣubú lẹ́ẹ̀kan. “Ìdínkù” ti wà nílẹ̀, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Nínú ike, lẹ́yìn nǹkan bí mítà 20, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló kù. Ní 40, ìdá kan nínú mẹ́rin. Nínú fọ́nrán gíláàsì tó dára, ìmọ́lẹ̀ lè rin kìlómítà 15 kó tó dín sí ìdajì. Abájọ tí ìlànà 2017 fún fífi fọ́nrán oníke rán gígábíìtì kan (bílíọ̀nù kan bíìtì ìsọfúnni) ní ìṣẹ́jú àáyá kan fi mọ sí mítà 50 nínú ilé.

Ó ku igun ilé. Bí a bá tẹ fọ́nrán yìí kọjá bí òbírí tí láti àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ mìlímítà 25, ìmọ́lẹ̀ á jò. “Títẹ̀” ni mo ń lò, ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ títẹ nǹkan mọ́lẹ̀ létí ẹni tó bá gbọ́ ọ láìwo àmì. Kí lẹ̀yin ń pè é ní Kétu?